Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wẹ́bsáìtì Wa Wà?

  

Ẹ ní kí àwa tí ẹ yàn sí ìgbìmọ̀ wẹ́bsáìtì wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan náà, kí ẹ tó dá owó ọdún tó ń bọ̀. A ti sọ ọ́ nípàdé. Àwọn tí ọjà kò jẹ́ kí wọ́n ráyè wá ni wọ́n ní kí a tẹ̀ ẹ́ síwèé. Bí a ṣe sọ ọ́ náà la ṣe kọ ọ́. Ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀, kó má ṣí ewé yìí kọjá o, torí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ la fẹ́ sọ, ta ló sì mọ̀ ọ́n ju obìnrin ọjà lọ?

Ohun tó jẹ́ ká gbé e wá síwájú yín rèé. Ẹgbẹ́ oníṣòwò kan wà tí a mọ̀ dáadáa, kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Òde níbí, a ò sì ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní wẹ́bsáìtì tó dáa, tó mọ́. Ọmọkùnrin tó bá wọn ṣe é fi orúkọ ara rẹ̀ àti í-meèlì ara rẹ̀ gba àdírẹ́sì náà. Nígbà tó yá, físà ọmọ jáde, ó kọrí sí Kánádà. Kò jà wọ́n lólè, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn lọ ni. Gbogbo ìwé tó ń rán wọn létí pé owó ọdún ti tó, inú í-meèlì àtijọ́ tí ọmọ ò ṣí mọ́ ló ń lọ. Owó ò san, àdírẹ́sì bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹlòmíì tí wọn ò mọ̀ rí sì gbà á. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ẹgbẹ́ yẹn báyìí, tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta níbẹ̀. Orúkọ àwọn ìyá ìyá yín, orí tẹ́tẹ́! Èyí tó dun àwọn ẹlẹ́gbẹ́ náà jù ni ti àwọn oníbàárà wọn ní London. Wọ́n rò pé ẹgbẹ́ ti túká, wọ́n sì ti wá ẹlòmíì tí wọ́n ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyẹn la fi lọ yẹ tiwa náà wò. Owó ẹgbẹ́ la fi san ohun gbogbo, ríìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò, kò sí kọ́bọ̀ tó sọnù. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ló wà nínú ìwé àdírẹ́sì? Orúkọ ọmọ tó bá wa ṣe é ni. Ọmọ dáadáa ni, gbogbo yín lẹ mọ ìyá rẹ̀, àárín wa níbí ló ń tajà. A bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kò janpata, ó ní ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ti ṣetán lòun á yí i padà sí orúkọ ẹgbẹ́. Àwọn ìyá kan láàrin wa ló sọ pé ká fi sílẹ̀, pé bí a bá ní kó kó kọ́kọ́rọ́ wá, ó dà bí ẹni pé a pè é lólè, ìyá rẹ̀ á sì gbé e sọ́kàn.

A gbọ́. Àwa náà rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: alájọ wa tó ń wá láràárọ̀, ṣé olè ni? Kì í ṣe olè. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń dájọ́ láìgba káàdì. A fọkàn tán an, a sì gba káàdì, torí ènìyàn lè ṣàìsàn, ó lè rìnrìn àjò, ọjọ́ sì lè pé. Káàdì kì í ṣe èébú. Bí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ṣe rí nìyẹn. Ìyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ wà níjokòó nígbà tí a sọ èyí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá jẹ́ ká tú u palẹ̀. Wẹ́bsáìtì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, nǹkan mẹ́ta ni. Orúkọ wà, òun ni pátákó àti àdírẹ́sì tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ sórí fóònù kí wọ́n tó rí wa. Ilé wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá kan tí kì í sùn, tó wà níbì kan, tí a ń sanwó àyè níbẹ̀ bí ẹni ń san owó ìsọ̀. Ẹrù sì wà, ìyẹn àwọn fọ́tò, iye owó ọjà, nọ́ńbà fóònù àti ohun tí a kọ. Orúkọ lọ́tọ̀, ilé lọ́tọ̀, ẹrù lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ kó owó gbogbo rẹ̀ wá lápapọ̀, ẹ ní kó ya wọ́n sọ́tọ̀ lórí ríìsíìtì, kí ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ san àti èyí tẹ́ ò san. Bí ilé bá bàjẹ́, a lè kó lọ sí ilé mìíràn. Bí ẹrù bá jóná, a lè tún fọ́tò yà. Orúkọ nìkan ni, bó bá lọ, kò sí ibi tí a ti lè ra irú rẹ̀, torí òun ni oníbàárà mọ̀.

Orúkọ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ti rà á tán. Háyà ni. Ọdọọdún la ń san án, tàbí kéèyàn san ti ọdún méjì, mẹ́ta pọ̀. Àwọn orúkọ tó bá parí sí .ng, tí í ṣe ti Nàìjíríà, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní NiRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, ló ń bójú tó wọn. Kó tó di tiwọn, lọ́dún 1995 tí wọ́n kọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní .ng, obìnrin ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síwèé pé òun ni alábòójútó rẹ̀, Ìyáàfin Ibukun Odusote, tó wà ní Yaba College of Technology nígbà náà. Ẹ gbọ́ o, obìnrin ló kọ́kọ́ di kọ́kọ́rọ́ gbogbo Nàìjíríà mú. Ẹni tó bá tún sọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tobìnrin, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa fún un lésì.

NiRA fúnra wọn kì í tà á fún wa. Àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ló ń tà á, bí àwọn alágbàtà ṣe ń gba ọjà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Tiwa, .com.ng ni. Àwọn kan bi wá pé kí ló dé tí kì í ṣe .com gẹ́gẹ́ bíi tàwọn ará òkè òkun. Ìdí ni owó. Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé .com. Kí ìjọba tó tú okùn lọ́rùn náírà ní oṣù June 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Orúkọ kan náà, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tuntun tí wọ́n fi kún un. Náírà la fi ń san ti .ng. Owó tiẹ̀ náà máa ń lọ sókè, a ò parọ́, ṣùgbọ́n kì í fò bíi ti dọ́là. Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ dúró síbi tó wà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá pé tí a ò san? Ti .com la fi ṣe àpẹẹrẹ, òun ni wọ́n là kalẹ̀ jù. Ilé iṣẹ́ tó tà á lè fún èèyàn láàyè díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 30 wà tí o ṣì lè rà á padà, ṣùgbọ́n owó ìtanràn wà lórí rẹ̀, kì í sì í ṣe kékeré. Bí ìyẹn bá kọjá, ó ku ọjọ́ 5, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ju kí wọ́n lúgọ de orúkọ tó fẹ́ bọ́. Wọ́n á gbà á, wọ́n á ní kó o wá rà á ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Kí ẹ má rò pé àwa tálákà nìkan lèyí ń ṣe. Ilé iṣẹ́ Microsoft, tí gbogbo ayé mọ̀, ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1999, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo í-meèlì Hotmail wọn kò rí i ṣí. Wọ́n wádìí títí. Kí ni? Orúkọ kan, passport.com, tí ilẹ̀kùn Hotmail gba ibẹ̀ kọjá, ni wọn ò san owó rẹ̀. Dọ́là 35 péré! Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Michael Chaney, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló fi káàdì báńkì tara rẹ̀ bá wọn san án, nǹkan bá padà sípò. Lóòótọ́, wọ́n dá owó rẹ̀ padà pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i. Microsoft tó ní owó bí ilẹ̀, tó ní akọ̀wé àti lọ́yà, gbàgbé dọ́là 35. Àwa tí owó wa wà nínú ìwé akápò, ta ló máa rán wa létí?

Nítorí náà, ohun tí a gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ìwé gbangba kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní WHOIS. Bí ẹ bá tẹ orúkọ wẹ́bsáìtì síbẹ̀, ó máa sọ ilé iṣẹ́ tó tà á àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa tán, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń bo orúkọ onílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ kì í pamọ́. Ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì lè bá yín wò ó láàrin ìṣẹ́jú méjì. Tiwa máa tó kí Iléyá tó dé, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí àsìkò tí àwọn èèyàn ń wá wa jù. Ẹ mọ̀ pé Ọjúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Láti ìgbà tí àwòrán Ọjúde Ọba ọdún 2024 ti gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú rí ń béèrè aṣọ òfì, wọ́n ń béèrè ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń béèrè gàrí tí wọ́n máa gbé lọ sílé. Bí ilẹ̀kùn bá tì lásìkò yẹn, ọjà ọdún kan ló lọ. Èrò wa ni pé kí a san ti ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí ọjọ́ tó máa tán sì wà lórí pátákó inú ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí gbogbo ènìyàn máa rí i.

Òfin wà o. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ọdún 2015, ní ẹsẹ̀ 25 rẹ̀, sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba orúkọ oníṣòwò mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìní ẹ̀tọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 5 náírà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí kóòtù ṣe ń rìn. Kí lọ́yà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, Ọjúde Ọba mélòó ló ti máa kọjá? Owó ọdún kan rọrùn ju owó lọ́yà lọ.

Ó yá, kọ́kọ́rọ́ wá dà? Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe irin. Í-meèlì kan, pásíwọ́ọ̀dù kan, àti nọ́ńbà fóònù kan ni. Ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni wẹ́bsáìtì, ohunkóhun tó wù kí a kọ sínú ìwé ìpàdé.

Í-meèlì, kí a ṣí èyí tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti alága, kì í ṣe ti akọ̀wé, torí ipò ń yí. Fóònù náà bẹ́ẹ̀. A ti sọ pé kí ẹgbẹ́ ra síìmù kan tí wọ́n máa fi ìforúkọsílẹ̀ tó tọ́ ṣe, torí orí rẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà ìdánimọ̀ máa ń wá bí a bá fẹ́ wọlé. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: síìmù tí a kàn jù sínú dúróà lè kú o. Bí oṣù 6 bá kọjá tí a ò fi pè, tí a ò fi ra dátà, wọ́n lè tì í. Bó bá tún pẹ́ sí i, wọ́n lè fún ẹlòmíì ní nọ́ńbà náà. Ẹni yẹn yóò kàn máa gba kọ́kọ́rọ́ ilé wa sórí fóònù rẹ̀ ni! Kí ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ máa fi káàdì kékeré sí i lóṣooṣù, kó sì fi pe Ìyálọ́jà, kó kí i.

Pásíwọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe “ijebu123.” Kì í ṣe ọjọ́ ìbí àkọ́bí yín, torí gbogbo ọjà ló bá yín jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kó gùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára wọn tan, tí ẹ so pọ̀, dáa ju ọ̀rọ̀ kúkurú kan tí ẹ fi àmì há lọ, ó sì rọrùn láti rántí. Èyí tí ẹ bá lò níbẹ̀, ẹ má lò ó fún Facebook, ẹ má lò ó fún báńkì. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé kan, kí a fi lẹ́ẹ̀dì pa á, kí àwọn mẹ́ta buwọ́ lù ú, kó sì wà nínú àpótí ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ ìwòyí máa ní kíkọ sílẹ̀ kò dáa. Ẹ dá wọn lóhùn pé olè tó wà ní òkè òkun kò lè na ọwọ́ wọ inú àpótí Ìyálọ́jà.

Kò sì sí ilé iṣẹ́ kankan tó máa pè yín lórí fóònù pé kí ẹ ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún òun. Bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ́rọ̀ báńkì ló rí. Ìwé gbèsè ayédèrú náà wà: wọ́n á kọ ọ́ síni pé orúkọ wẹ́bsáìtì rẹ fẹ́ bọ́, sáré san báyìí báyìí sí àkáǹtì yìí. Ẹ mú un wá fún ìgbìmọ̀. A ti mọ ẹni tí à ń sanwó fún, a sì mọ ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ò ní gùn. Iná ni. Ẹ ò ní gbàgbé iná ọjà Balógun ní Lagos ní oṣù January 2020. Ẹni tí gbogbo ọjà rẹ̀ wà ní ilé kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà, ẹ mọ bó ṣe rí fún un. Kọ̀ǹpútà náà ń jó. Ní ọjọ́ 10 oṣù March ọdún 2021, iná jó ilé kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ OVH ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kẹ́ àìmọye wẹ́bsáìtì ló kú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn kan ti sanwó kí wọ́n máa bá wọn tọ́jú ẹ̀dà kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kejì náà wà lágbègbè iná yẹn, ó bá a lọ. Ẹ̀kọ́ tiwa níbẹ̀ ni pé ẹ̀dà gbọ́dọ̀ wà níbòmíì. Lóṣù lóṣù, kí wọ́n kó gbogbo ẹrù wẹ́bsáìtì sórí fláàṣì méjì. Kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, kí ọ̀kan wà nílé akápò. Lọ́dún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbìyànjú láti tú u wò. Ẹ̀dà tí a ò tíì tú wò rí, a ò mọ̀ bóyá gbẹ̀ẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Ti àtúnṣe náà wà. WordPress ni wọ́n fi kọ́ tiwa, ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2003 ló ti wà, òun sì ni wẹ́bsáìtì tó pọ̀ jù láyé fi ń ṣiṣẹ́. Torí pé ó pọ̀ báyẹn, àwọn olè mọ gbogbo ojú fèrèsé rẹ̀. Àwọn tó ṣe é máa ń gbé àtúnṣe jáde láti dí ihò tí wọ́n bá rí. Bí a kò bá gbà á, ihò wa ṣì ṣí sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ti mọ ibi tó wà. Àwọn ohun èlò kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ ọn gan-an ló ń fa wàhálà jù. Èyí tí a kò lò, kí wọ́n yọ ọ́ dànù, kí wọ́n má kàn tì í pa. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe, kí wọ́n má sì ṣe é nígbà tí ọjà ń gbóná.

Àgádágodo tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti rí i pé lórí àwọn fóònù kan ó ti yí àwòrán padà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹlòmíì kò lè yọ́ ka ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàrin oníbàárà àti wa. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ni wẹ́bsáìtì kì í ṣe gbájúẹ̀ o! Gbájúẹ̀ náà ń ra àgádágodo. A tiẹ̀ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, láti ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ayé, nítorí náà ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ńlá lórí rẹ̀, ẹ bi í léèrè dáadáa. Bí a kò bá sì ní i, fóònù oníbàárà á máa sọ fún un pé ibi tó fẹ́ wọ̀ yìí kò láàbò. Ta ló máa wọlé?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ẹrù, ibẹ̀ ni gbogbo yín ti ní iṣẹ́. Fọ́tò tí fóònù ìgbàlódé ń yà wúwo jù. Ẹni tó ń wò wá láti Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, dátà rẹ̀ ló ń jẹ, bí ojú ìwé kò bá sì tètè ṣí, á lọ. Ọmọ tó ń bójú tó o gbọ́dọ̀ fún un kéré kó tó gbé e síbẹ̀. A máa ń fi fóònù tó kéré jù nínú ọjà dán an wò, kì í ṣe fóònù ńlá ti ọmọ kọ̀ǹpútà. Bó bá ṣí níbẹ̀, á ṣí níbi gbogbo.

Ohun tí a kọ náà ṣe pàtàkì. “Gàrí tó dáa wà” kò sọ nǹkan kan. Gàrí Ìjẹ̀bú yàtọ̀, ẹ sọ bó ṣe yàtọ̀: ọjọ́ mélòó ló fi kan, bó ṣe gbẹ tó, bó ṣe kúnná tó, pé kò sí epo nínú rẹ̀, kílò mélòó ló wà nínú àpò. Ẹni tó wà ní Houston kò mọ kọ́ńgò wa mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ewùrà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ìkọ́kọrẹ́ ni, torí ọ̀rọ̀ “ìkọ́kọrẹ́” gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ sórí Google, kì í ṣe “ewùrà.” Iye owó ńkọ́? Àwọn kan ní kí a yọ ọ́ torí pé ọjà ń yí lójoojúmọ́. Àwa kò fara mọ́ ọn. Kí iye owó wà, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tí a kọ ọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń lé oníbàárà lọ jù ni nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́ àti owó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Nọ́ńbà àkáǹtì ni kí ẹ bá wa ṣọ́ jù. Bí olè bá wọlé, kì í ba nǹkan jẹ́, kì í pariwo. Nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ló máa yí padà, á sì jókòó jẹ́ẹ́ kí oníbàárà wa máa sanwó fún un. Nítorí náà a ti pín in: láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá kan á ṣí wẹ́bsáìtì lórí fóònù tirẹ̀, á ka nọ́ńbà náà jáde, akápò á wo ìwé, wọ́n á bá a dọ́gba. Ìṣẹ́jú kan ni. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà tó bá sì wà lọ́wọ́ wa, kí ẹnikẹ́ni má pín in kiri WhatsApp; láti ọdún 2023 òfin ti wà ní Nàìjíríà tó dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àbúrò wa kan béèrè nípàdé pé kí ló kúkú dé tí a kò fi Facebook àti WhatsApp ṣe gbogbo rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa lò wọ́n o, àwa náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ onísọ̀ ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù October ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 6 kárí ayé. Lọ́dún yẹn kan náà, láti oṣù June, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà títí di January 2022. Àwọn tí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n pàtẹ sí kò rí ibi tajà fún oṣù méje. Kí Facebook máa júwe ọ̀nà ilé wa fún wọn, kí ilé sì jẹ́ tiwa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí nìyí. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni ẹ máa yan ìyá mẹ́ta tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n wá láti ìsọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ọmọ wa máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, á yí orúkọ padà sí ti ẹgbẹ́ lójú gbogbo wa, ẹgbẹ́ á sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Àwa kò fẹ́ kí ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kí akápò mú owó ọdún mẹ́ta dání, kó sì gba ríìsíìtì tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọjà tuntun tó fẹ́ kí wọ́n gbé síbẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀ ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, kó kọ iye owó àti kílò sẹ́yìn káàdì àjọ tó ti kún, kó fún akọ̀wé kó tó di ọjọ́ Ẹtì.